Adépéjú Tí Í Ya Ojú Kọ̀ǹpútà Kó Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ó yẹ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ ọ, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò ní í dé: Adépéjú, ìyá Oríolúwa, tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ya àwòrán ojú rẹ̀. Kì í ṣe ojú Adépéjú o. Ojú kọ̀ǹpútà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè pé ṣé kí òun tọ́jú iṣẹ́ yìí, ẹlòmíràn á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Adépéjú á kọ́kọ́ ya ìbéèrè náà. Bó bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, á yà á kó tó pa á. Bó bá fẹ́ tàn án, kò tíì rí ọgbọ́n kankan dá sí ìyẹn, nítorí ojú kọ̀ǹpútà dúdú nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé ó ń dùn ún.

Lókè pátákó ìtẹ̀wé, lápá ọ̀tún, ni bọ́tìnnì tó ń lò wà, èyí tí wọ́n kọ PrtSc sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọwọ́ kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà, eruku tó wà lórí rẹ̀ sì ti di onílé. Ti Adépéjú ti pá. Ó ń dán bí orí alága ìjọ.

"Ìyá Oríolúwa, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo síkírínṣọ́ọ̀tì yìí ṣe ná, mà?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Àgọ́-Ìwòyè láti tẹ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Bí ìyàwó ẹ bá sọ̀rọ̀, tó tún ní òun ò sọ ọ́, kí lo máa ń ṣe?"

"Mi ò tíì níyàwó, mà."

"Ṣé o rí i? Lọ fẹ́yàwó ná. Tó o bá dé, a óò jọ sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí kọ̀ǹpútà. Ẹyin ti kọ̀ǹpútà kì í fọ́: á yé e níṣojú rẹ, á sì tún gbé e mì níṣojú rẹ. Ní báyìí á ní iṣẹ́ rẹ ti wọlé. Bó o bá fi máa wo ẹ̀yìn, á bi ọ́ pé iṣẹ́ wo. Ẹni tí kò bá ní àwòrán lọ́wọ́ á wá jókòó, á máa bá irin ṣàròyé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni Adépéjú ti kọ́ ìwà yìí. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀mí ni.

Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí i sí, ní Japara, kó sì tó dàgbà tó ẹni tí ń wé gèlè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe akọ̀wé ìran. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí Ẹ̀mí bá gbé aríran, tó ń sọ ohun tó ń rí, akọ̀wé á jókòó tì í pẹ̀lú bírò, á máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé bí Ẹ̀mí bá ti lọ, aríran fúnra rẹ̀ kì í rántí mọ́. Òfin iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ohun tí o bá gbọ́ ni kí o kọ. Má fi kún un, má sì yọ kúrò. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tìrẹ láàárín, ì báà ṣe àmín lásán. Wọ́n ní ìran kan jáde lọ́jọ́ kan pé kí akọ̀wé tó ń kọ ọ́ yìí jáwọ́ nínú yíyọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Adépéjú kọ ọ́ délẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan, ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ìgbà tó di oníṣọ́ọ̀bù, ó kó òfin yìí wọ inú kọ̀ǹpútà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn oníṣòwò Òkè-Àgbò àti Òrù tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lébẹ̀lì fún gàrí inú ọ̀rá, tàbí bí wọ́n ṣe ń to àwòrán ọjà kó fani mọ́ra, kì í ráyè jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí fídíò bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà lọ: ọfà kékeré á rìn lọ síbí, á tẹ ibí, nǹkan á ṣí, ó parí. Á fi í ránṣẹ́ sí wọn lórí Wáàsáàpù. Ohun kan ṣoṣo ló mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn yòókù: kò sí ohùn nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti pa máìkì nínú ẹ̀rọ tó fi ń ká a. Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ nínú ìran.

"Ó dà bí ẹni ń wo ẹja nínú ìgò," ni Muslimah sọ, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Adépéjú.

Ṣùgbọ́n Muslimah yìí kan náà ló fi ẹja inú ìgò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya sítáì aṣọ lórí kọ̀ǹpútà, tí Àdúkẹ́, ọmọ rẹ̀, sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ta pútú. Olùkọ́ tí kì í jí ọmọ ẹni lójú oorun, kí la tún ń wá kiri?

Ọ̀dọ̀ Muslimah yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni Àlàájì Hàmídù, tí gbogbo Òrù mọ̀ sí Bàbá Onípákó. Àgbà tó mọ igi ni. Bí ó bá rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, ọmọ náà gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà sọ fún un kó tó gbéra: "Ẹ ní kí n gbé igi àfárá wá, Bàbá, kì í ṣe igi ọ̀mọ̀." Bí ọmọ kò bá tún un sọ, Bàbá kà á sí pé kò gbọ́. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbé igi òdì wá rí ní ìsọ̀ pákó rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ń tún ọ̀rọ̀ sọ títí di òní, kódà nílé ọkọ.

Akóredé, àbúrò Muslimah, ni òun àti Bàbá jọ ń ta pákó. Lọ́jọ́ kan, Akóredé ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá ní kó tètè dé. Kánádà ló ti fóònù.

Gbogbo wa la mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í sọ, kí ayé má baà dí i lọ́nà. Ó dìgbà tí bàálù bá balẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìbíkẹ́, ṣàlàyé èyí fún Bàbá títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

"Ayé ló ń bẹ̀rù, Àlàájì."

"Mo gbọ́. Èmi tí kò sọ fún, ṣé èmi ni ayé?"

Láti ìgbà náà, Bàbá kò bá Akóredé sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Bí wọ́n bá gbé fóònù sí i létí, tí Akóredé ń kí i, á yíjú sí ẹni tó gbé fóònù náà dání, á ní, "Ẹ bá mi kí i."

Ìyàwó Akóredé wá bímọ, obìnrin. Ilé tí bàbá bàbá ọmọ bá ti wà láyé, ta ló tún ń sọ ọmọ lórúkọ? Bàbá rò ó, ó ní, "Ọmọ tuntun ò ṣẹ̀ mí." Ó gbà láti sọ ọ́ lórúkọ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí Akóredé ní lọ́kàn ju orúkọ lọ: ó fẹ́ gbé ọmọ náà wálé ní Iléyá. Ṣùgbọ́n títí Bàbá yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kó wá, kò lè tẹ ẹnu ọ̀nà ilé wọn, kò sì ní í lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ní ìlú bàbá rẹ̀ kí wọ́n má baà fi ṣe orin.

Ìbíkẹ́ kò sí nílé. Ó ti lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ mìíràn tó bímọ ní Àbígì, lápá odò lọ́hùn-ún, níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń tẹ̀ lé omi: á ṣàn wá, á tún fà lọ. Ó ránṣẹ́ sí Muslimah pé, "Ẹ ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bí bàbá yín bá dá Akóredé lóhùn, àyàfi kí n fojú ara mi rí i."

Ta ni Muslimah ìbá tún ké sí, bí kò ṣe akọ̀wé?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Bàbá wẹ̀, ó wọ jalamíà funfun kinniwin, kò yà sí ìsọ̀ pákó rárá lọ́jọ́ náà. Muslimah mú un jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ńlá Adépéjú. Adépéjú tẹ ohun tó máa ká a sílẹ̀, àmọ́ ó kọ́kọ́ ya ojú rẹ̀ ná.

"Kí lẹ ń yà? Mi ò tíì ṣe tán," ni Bàbá wí. Ó tẹjú mọ́ àwòrán kékeré tó wà ní igun kọ̀ǹpútà. "Ta ni bàbá arúgbó yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Kọ̀ǹpútà yín ò dáa."

Akóredé yọ. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ó da ara rẹ̀ délẹ̀ gbalaja, ògiri nìkan ló sì ṣẹ́ kù lójú kọ̀ǹpútà.

Bàbá wo ògiri náà. Ó yíjú sí Muslimah. "Ó tún ti lọ?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ ni, Bàbá!"

Àwọn ará Kánádà gbé ọmọ wá. Bàbá ṣe Bísímílàhì, ó sọ ọ́ ní Fáìzàh, wọ́n tún un sọ lọ́hùn-ún. Ó sọ ọ́ ní Ọláyẹmí, wọ́n tún un sọ. Ó ṣàdúà títí, wọ́n ń ṣe àmín. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí. Ìgbà náà ni Bàbá la ẹnu, tó ní, "Akóredé."

Ó tẹ̀ síwájú, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Gbé ọmọ yẹn wá ulé. Kó jẹ́ Iléyá. Kí n gbé e. Ulé mi ni mo wí o, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì."

Akóredé ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó dákẹ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó tó àkókò láti parí ìpè, Adépéjú na ọwọ́ sí bọ́tìnnì pupa; ọwọ́ náà kọ́kọ́ yà sí ibi tó máa ń yà sí. Ó ya àwòrán kan. Lẹ́yìn náà ló wá pa á.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kì í jẹ́ kí nǹkan rere sinmi. Bí Bàbá ṣe dé mọ́sáláṣí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Àlàájì, a gbọ́ pé ẹ ti rọ̀!" "Ọmọ ò ní í ga títí kó tó bàbá ẹ̀ o, ṣùgbọ́n omijé ọmọ ń ṣiṣẹ́!" Èyí tó ní ó ti rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Onípákó ni. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rírọ̀.

"Ta ló rọ̀? Orúkọ ni mo sọ ọmọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá síbì kankan."

Ìró náà dé etí Muslimah kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fóònù Akóredé.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ ọ, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ní àwọn ò sọ ọ́, ta ni mí tí n ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa? Mo ti ṣẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Mi ò wá mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Akóredé kò lè já bàbá rẹ̀ nírọ́. Muslimah kò lè ṣe é. Adépéjú, tí Bàbá lè bí, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ rò ó. Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kọ̀ǹpútà nìkan ni kò ní bàbá.

Láàárọ̀, Muslimah sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Adépéjú ṣí ohun tó ká. Akóredé yọ, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ní igun ibẹ̀, Bàbá ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Kò sí ohun kankan tó ń jáde.

Wọ́n mi kọ̀ǹpútà wò. Wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè títí Akóredé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí wọn létí. Bàbá ń ṣe bí ẹja.

Adépéjú ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Máìkì. Èyí tó ti pa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ohùn akọ̀wé má baà wọ inú ìran. Bàbá tó wà ní Òkè-Àgbò, máìkì ṣọ́ọ̀bù ló fi bá Kánádà sọ̀rọ̀. Kánádà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ká a sílẹ̀ kò gbọ́. Ohùn tó wá láti òkèèrè nìkan ló wọlé.

"Ìyá Oríolúwa! Ẹ ti fi bàbá mi sínú ìgò!"

Láti kékeré tí Adépéjú ti ń kọ ìran, kò fo ọ̀rọ̀ kan rí, ì báà ṣe èyí tó bá a wí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, odindi aríran ló fò. Ó jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n, kò ya àwòrán kankan. Oníbàárà kan tó wá tẹ̀wé rí i tó tẹ bọ́tìnnì láìyà á, ó bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Muslimah tún padà wá pẹ̀lú ọgbọ́n. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá kan wà tó máa ń sín wọn jẹ. Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá mi gan-an á dáhùn. Ká pè é kó sọ ọ́, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu Bàbá. Ṣebí ohun tí wọ́n sọ náà ni?"

"Ohun tí wọ́n sọ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló sọ ọ́."

"Kí ló wá dé?"

"N kì í fi kún un, Ìyá Àdúkẹ́. Bí mo bá fi kún un lónìí, èyí tí mo ti kọ láti ọjọ́ yìí wá, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Muslimah pòṣé, ó lọ. Adépéjú sì ṣe ohun tí akọ̀wé ń ṣe: ó jókòó, ó dákẹ́, ó tẹ́tí sí ohun tó wà níbẹ̀, ó fi èyí tí kò sí sílẹ̀. Ó wò ó tán, ó tún un wò. Nígbà tó ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí Muslimah lọ bá òun bẹ Bàbá kí wọ́n yà sọ́dọ̀ òun.

Bàbá dé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Gbogbo Òrù ló ti gbọ́ nípa ìgò.

"Mo gbọ́ pé ohùn mi ò sí níbẹ̀."

Adépéjú kúnlẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Ẹ má bínú."

Ìyẹn kò sí nínú ohun tí Bàbá ti múra sílẹ̀ fún. Ó jókòó. "Kí lẹ wá pè mí wá wò?"

"Ohun tó ṣẹ́ kù ni, Bàbá."

Ó tẹ̀ ẹ́. Akóredé yọ, omijé lójú, ó ń tún iṣẹ́ sọ bí ọmọ tí wọ́n rán ní pákó: "Ẹ ní kí n gbé e wá ulé, Bàbá." Ní igun, bàbá arúgbó náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ní kó jẹ́ Iléyá." Ó tún mi orí.

Bàbá wú ikọ́. "Eṣinṣin ni mò ń lé."

"Ẹ ní ulé yín ni, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì."

Orí mì gan-an.

"Eṣinṣin yẹn ò gbọ́ràn," ni Bàbá wí.

"Ó jọ pé Akóredé ló ń pè é, Bàbá," ni Muslimah wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó ń dé bó bá ti sọ̀rọ̀."

Bàbá wò ó. Muslimah wo ilẹ̀. Adépéjú ṣí àwòrán tó yà kó tó pa ìpè. Akóredé ló wà níbẹ̀, tó gbé Fáìzàh sókè sí ojú kọ̀ǹpútà, ọmọ náà ń yán. Ní igun ibẹ̀, Bàbá Onípákó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú méjèèjì, èjìká rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́ díẹ̀ ju bí èèyàn ṣe ń wo eṣinṣin lọ.

"Lẹ́búlẹ́bú pákó ló kó sí mi lójú," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó tún wò ó díẹ̀. "Ṣé ẹ lè tẹ èyí jáde fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ yọ bàbá arúgbó inú igun yẹn kúrò."

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kì í yọ kúrò."

Bàbá rò ó, ó sì gba àwòrán náà bó ṣe rí. Ó ká a sí méjì, ó fi í sí àpò àyà. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó bá Muslimah sọ̀rọ̀, ó sì kọjú sí títì bó ṣe ń sọ ọ́. "Yàrá Akóredé, pákó ló kún ibẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kì í sùn láàárín pákó. Ẹ ní kí wọ́n kó o kúrò kó tó di Iléyá."

"Ẹ ní kí wọ́n kó pákó kúrò ní yàrá Akóredé kó tó di Iléyá, Bàbá," ni Muslimah tún un sọ.

"Ohun tí mo wí nìyẹn."

Ìgbà tí nẹ́tíwọọ̀kì ṣàn dé Àbígì, Ìbíkẹ́ gba gbogbo rẹ̀, àwòrán àti fídíò, títí kan ti ẹnu ọ̀nà yìí, èyí tí ohùn Bàbá ti dún ketekete. Adépéjú ti tan máìkì kí Bàbá tó wọlé. Akóredé ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ti fóònù sọ ọjọ́ tí yóò gbéra fún bàbá rẹ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù kò pọ̀. Gíláàsì ni Adépéjú fi ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń tì í gbọn-in nítorí eruku. Bàbá wẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ó wọ funfun, mọ́sáláṣí ló sì ti wá. A kò ní í já àgbàlagbà nírọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Òkè-Àgbò dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni lẹ́búlẹ́bú pákó yẹn gbà wọlé?